Bí omira ṣe ń pọ̀, tó sì ń dín kù nínú oyún

Lójú ẹ̀rọ sikáànù, dúdú ni omira, ìyẹn omi tó yí ọmọ ká nínú oyún, máa ń hàn. Ibi tó bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò láàárín apá àti ẹsẹ̀ ọmọ, omi ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe sikáànù á wá ibi tó jìn jù, tí ìwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ kò sí níbẹ̀, á wá wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ti wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 2 sí 8, kò sí wàhálà.

Omi ọ̀hún kì í dúró lójú kan. Nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 10, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ, kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Ara ìyá ló ti ń wá nígbà náà. Ó ń gba ara àpò ọmọ wọlé, ó tún ń gba ara ọmọ fúnra rẹ̀ kọjá, torí awọ ọmọ ṣì fẹ́lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 20, ó ti tó nǹkan bíi mílílítà 400, kò tíì kún ọ̀rá pure water kan. Àsìkò yìí náà ni awọ ọmọ ń ki, tí ọ̀nà yẹn sì ń dí.

Ìtọ̀ ọmọ ló wá kù tó ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè fajú ro, àmọ́ ibi ọmọ, èyí tó máa ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ, ti ń bá a kó èérí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sára ìyá, omi ló pọ̀ jù nínú ìtọ̀ náà. Ẹ̀dọ̀fóró náà ń sun omi tirẹ̀ sí i. Ọmọ ń tọ̀, ó sì ń gbé e mì. Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá kù díẹ̀, ó lè gbé ìdajì lítà sí lítà kan mì lójúmọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ibi ọmọ ń fa nínú èyí tó kù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, omi tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ́pò ti àná tán.

Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ó máa ń tó nǹkan bíi mílílítà 800, ti ẹlòmíràn a tó lítà kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36 ló ń fà sẹ́yìn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 42, ó lè ku bíi 400. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí aláboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti kọjá wá ṣe sikáànù léraléra.

Dídínkù yìí yàtọ̀ sí jíjò. Èyí tó ń jò máa ń rin aṣọ abẹ́, kì í rùn bí ìtọ̀, aláboyún kò sì lè mú un dúró. Ilé ìwòsàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lọ lójú ẹsẹ̀.