Ẹ Má Wọ Bàtà Tuntun Lọ sí Róòmù

Láti ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Wọn á ti ti Ítálì bọ̀, wọn á ti gbé fọ́tò sórí Facebook tán, wọn á wá jókòó sórí àga ìtọ́jú mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọn á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọn á sì gbójú sókè àjà. Ojú ń tì wọ́n láti wo ẹsẹ̀ ara wọn. Gìgísẹ̀ ti bó, èékánná àtàǹpàkò ti dúdú, ìléròrò ti bẹ́, omi rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìbọ̀sẹ̀. "Dókítà, Róòmù dùn o!"

Mo ti gbọ́. Bàtà wo lẹ wọ̀?

Tuntun ni. Lójoojúmọ́, tuntun ni. Ẹni tó ti ń tọ́jú owó ìrìn àjò láti èṣí á ra bàtà tó bá báàgì mu, pápákọ̀ òfúrufú ló sì ti máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó gbéra, gbogbo ẹbí ti gbàdúrà pé ẹsẹ̀ wọn á gbé wọn débi ire. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wá há mọ́ inú awọ líle tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ físà, hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá ìṣeré àtijọ́ ibẹ̀, kò sí lọ́wọ́ mi, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Podiatrist ni wọ́n ń pè wá, a kì í ṣe akunèékánná. Ní Britain, òfin ò gbà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìlera pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Sampietrini ni wọ́n ń pe òkúta tí wọ́n tẹ́ sí àárín ìlú Róòmù. Òkúta dúdú tó ti inú òkè oníná wá ni, wọ́n gé e kéékèèké bí ìṣù búrẹ́dì, wọ́n tò ó sórí iyanrìn. Nítorí pé iyanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn rì, òmíràn yọrí, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ yín ò lè tẹ̀ ẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ṣe ń gbé e, ọrùn ẹsẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, gìgísẹ̀ ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú bàtà. Tí òjò bá wá rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo rí obìnrin kan tó wọ bàtà gogoro kọjá níwájú Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ibẹ̀. Ìrìn yẹn jọ ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Báwo ni ìléròrò ṣe ń dé? Ẹ fi orí ìka kan tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ yín kejì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá máa tì í síwá sẹ́yìn láìjẹ́ kí ìka náà yọ̀. Ẹ rí i? Awọ ń bá ìka lọ, egungun ìsàlẹ̀ dúró síbi tó wà. Nínú bàtà, òdìkejì rẹ̀ ni: egungun ló ń lọ, awọ ti lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ipele awọ tó wà láàárín ni ìyà ń jẹ. Á fà, á fà, á ya, omi ara á sì wá kún ibi tó ya. Òógùn ló ń jẹ́ kí awọ lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ yéé wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú fún ìrìn gígùn nínú oòrùn. Òwú ń mu omi, kì í gbẹ. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe sàn jù, ẹ sì mú méjì dání lójúmọ́, kí ẹ pààrọ̀ lọ́sàn-án. Bàtà náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó tó rí òkúta Róòmù sójú.

Awọ tó bo ìléròrò ni bándéèjì tó dára jù láyé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má gé e. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un. Ẹ má da omi gbígbóná oníyọ̀ lé e, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Ẹnì kan da kẹrosíìnì sí i, ó wá ń bi mí ìdí tó fi ń ta á.

Nínú Bàsílíkà Pétérù Mímọ́, ère idẹ Pétérù kan wà níbẹ̀ tó jókòó, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó wá jọ́sìn ti ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fẹnu kò ó, débi pé àwọn ọmọ ìka ti yọ́ pọ̀ bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ọwọ́ lásán ló jẹ idẹ tó báyìí. Ẹ̀yin wá rò pé awọ yín á gba ọjọ́ mẹ́rin nínú bàtà tó há.

Àwọn tó lọ pẹ̀lú ẹbí tún sàn. Ọmọ á sunkún, ìyàwó á ráhùn, wọn á jókòó. Ẹni tó bá dá lọ kò ní ẹni tí á sọ pé "ó tó." Owó alẹ́ mẹ́ta ló san, kò gbọdọ̀ ṣòfò: Colosseum láàárọ̀, ó ti ahoro Forum gba orísun omi Trevi, ó ju owó ẹyọ sẹ́yìn sínú omi kó lè padà wá (owó ọ̀hún ń lọ fún àwọn aláìní, èyí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń gbé ènìyàn padà o), ó dé Àtẹ̀gùn Sípéènì, wọn ò sì gbà á láyè láti jókòó, nítorí láti 2019 ni wọ́n ti fòfin dè é. Lálẹ́, ó ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀?

Bàbá kan tí mo ń tọ́jú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, lọ bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é tipẹ́, ó sì ti ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Mo ní okùn nylon tínrín kan tí mo fi ń yẹ ẹsẹ̀ wò, gíráàmù 10 péré ni agbára tó ń mú un tẹ̀. Kó tó lọ, ojú ibi mẹ́ta lẹ́sẹ̀ bàbá náà ni kò mọ okùn yìí mọ́. Mo kìlọ̀. Wọ́n ní kò dùn àwọn rárá. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn, kò dùn wọ́n!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fọwọ́ kan imú, wọ́n wo ẹnu nínú dígí. Obìnrin tó wá tún yàrá ṣe ló nawọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ojú ẹsẹ̀ pupa, ọ̀kan, òmíràn, láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀. Wọ́n gbọn bàtà, òkúta kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé e rìn láti àná.

Ilé ìpoògùn tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé níwájú wà nítòsí. Dípò ìyẹn, wọ́n bu ìyẹ̀fun kan lé e, èyí tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹsẹ̀ tà fún wọn lórí WhatsApp. Àwọn tí mo ń bá wí nìyẹn. Wọ́n tún lọ sí Scala Santa, àtẹ̀gùn 28 tí wọ́n ń fi orúnkún gùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ sinmi níbẹ̀. Ẹni tó bá fi orúnkún gun àtẹ̀gùn, orí ọmọ ìka ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀! Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Òórùn ti wọlé kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ ìka kan lọ sí i nílé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò Trevi nígbà igba, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ na ẹsẹ̀ lé e lókè, kí ẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ mú káàdì GHIC yín dání, èyí tí ará Britain fi ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn ìjọba ní Yúróòpù. Alátọ̀gbẹ tó bá rí egbò, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá dókítà, ní Róòmù níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá, bàbá náà padà wá. Wọ́n fẹ́ lọ gun òkè Bàsílíkà tí wọn ò rí gùn nígbà yẹn, àtẹ̀gùn 551. Wọ́n ní ẹ̀rọ agbéniròkè wà. Mo ní àtẹ̀gùn 320 ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo yọ okùn mi. "Ẹ dijú, sà. Ẹ wí 'bẹ́ẹ̀ ni' tó bá ti kàn yín."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wí i. Nígbà kejì, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà.