Ooru kì í ṣáájú nínú ẹ̀rọ tó ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ

Èrò kan wà tí kì í fẹ́ kúrò lọ́kàn èèyàn: pé bí omi bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni irin tí ẹ̀jẹ̀ ta sí yóò ṣe mọ́ tó. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò omi híhó kan ì bá ti tó, ta ni ì bá máa ra ẹ̀rọ olówó gọbọi?

Purotéènì ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí tí iṣẹ́ abẹ ń fi sílẹ̀ lára irin. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn ni purotéènì, tó ká jọ létòlétò. Bí omi tútù bá kàn án kó tó gbẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Ṣùgbọ́n bí omi gbígbóná bá kọ́kọ́ dà lé e, ìká náà á tú, okùn kan á lọ́ mọ́ èkejì, gbogbo rẹ̀ á di kókó, á lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́. Ẹni tó ti rí funfun ẹyin nínú omi híhó ti rí i. Ìdí nìyẹn tí omi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ fi ń ṣan irin kì í fi í kọjá nǹkan bí 45°C.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọṣẹ tó ní ẹ́ńsáìmù, ohun tó ń gé ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́, á dé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n wà. Àlùmọ́gàjí ni protease, ẹ́ńsáìmù tó ń dojú kọ purotéènì, ó mọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti so mọ́ èkejì. Á gé e, kò ní í kú síbẹ̀, á sún sí òmíràn, á tún gé, títí okùn gígùn á fi di wóróworó tí omi lè gbé. Lipase ń dojú kọ ọ̀rá, amylase ń dojú kọ sítáàṣì. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe àlùmọ́gàjí ọ̀hún: purotéènì ni ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀. Ooru àpọ̀jù á tú òun náà ká. Nítorí náà ẹ̀rọ á dúró sí ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ọṣẹ náà là sílẹ̀, láàárín 40°C sí 60°C lọ́pọ̀ ìgbà, á sì fún un ní ìṣẹ́jú tó tó.

Ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n sábà máa ń jí nígbà tí irinṣẹ́ bá pọ̀ nílẹ̀, wọ́n á wá da ọṣẹ lé ọṣẹ. Ọgọ́rùn-ún àlùmọ́gàjí kò lè gé okùn tí ọwọ́ wọn kò tó. Ẹ̀mú tí wọn kò ṣí ẹnu rẹ̀, ọ̀pá tóóró tí wọn kò so mọ́ ẹnu omi, irin tí wọ́n tò léra wọn débi pé apá tó ń fọ́n omi kò lè yí: níbẹ̀ ni àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ ọṣẹ.

Ìgbà tí wọ́n bá ṣan ọṣẹ kúrò tán ni ooru tó ń pa kòkòrò àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: 90°C, fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 5, bí iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà fẹ́ ṣe bá ṣe rí. Kò sí ohun tí ooru máa sè mọ́ irin mọ́. Ẹ̀rọ olóoru tó ń pa kòkòrò àrùn ní 134°C lẹ́yìn náà kì í fọ nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ sínú oríkèé lè máà jẹ́ kí oru kan irin rárá. Dídán irin kò sì tó láti fi mọ̀. Wọ́n máa ń fi òwú tútù nu inú oríkèé ẹ̀mú, wọ́n á ti òwú náà bọ inú oògùn, bí purotéènì bá ṣì kù, àwọ̀ oògùn náà á yí padà.