Ẹ Má Jẹ́ Kí Sínámọ́nì Wọ Òróró: Bí A Ṣe Ń Dín Dónọ́ọ̀tì Kéékèèké Nílé

Ní Abẹ́òkúta níbí, yálà ìkómọ ni a ń ṣe ní Ìjẹmọ̀ tàbí ìgbéyàwó ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ bá nínú àwo kí oúnjẹ gan-an tó dé. Iṣẹ́ ìpanu díndín yìí ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè tí àwọn ìyálé ilé ń bi mí jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí dá lórí ìbátan pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù kan, ìyẹn dónọ́ọ̀tì kéékèèké tí a lè sọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, tí a yí nínú ṣúgà àti sínámọ́nì. Wọ́n ní ti àwọn máa ń mu òróró, tàbí kí ṣúgà ara rẹ̀ yọ́ di omi kí àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́ tán. Àṣìṣe méjèèjì ló ní àtúnṣe, inú iná àti àsìkò ni àtúnṣe náà sì wà, kì í ṣe inú èròjà olówó ńlá.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tó ju ìyẹn lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, fún ọjọ́ ìbí ọmọ kan ní Ìbarà, mo rò pé ohun tó ń ta sánsán lóde yóò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá wà nínú pẹ̀lú, mo sì da ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínámọ́nì sínú fúláwà kí n tó pò ó. Wákàtí méjì kọjá, kò wú dé ìdajì ibi tó yẹ kó wú dé. Mo gé e bẹ́ẹ̀, mo sì tún yí àwọn ègé náà nínú ṣúgà àti sínámọ́nì kí n tó jù wọ́n sínú òróró. Gbogbo èyí tó wà lára wọn ló ṣí kúrò, ó rì sí ìsàlẹ̀ agbada, ó jóná, ó sì mú kí gbogbo wọn korò. Mo da òróró náà nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn onílé ń pè mí lórí fóònù léraléra.

Ohun tí ó fa ti àkọ́kọ́ ni pé epo olóòórùn tó wà lára sínámọ́nì, èyí gan-an tó ń jẹ́ kó ta sánsán, a máa dín agbára yíìsì kù, ìyẹn ìwúkàrà tó ń mú kí fúláwà wú. Ìwọ̀nba bíńtín kò lè pa á lára, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ̀, yíìsì kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni sínámọ́nì mi kì í ti í wọ inú fúláwà, tí kì í sì í kan òróró gbígbóná. Ìta ni ipò rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti dín in tán.

Èèpo igi ni sínámọ́nì. Èyí tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ń wá láti Sri Lanka, nígbà tí irú kejì, kásíà, ń wá láti Ṣáínà, Indonesia àti Vietnam. Bí ẹ bá rí odidi rẹ̀ rà, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e: ti Sri Lanka ní ìpele púpọ̀ tó fẹ́lẹ́ bí ìwé tí a ká sínú ara wọn, ó sì rọrùn láti fi ọwọ́ rún, kásíà nípọn, ó le, òórùn rẹ̀ sì múná jù. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dára fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ èròjà kan wà nínú kásíà tó lè ṣe ẹ̀dọ̀ níbi bí a bá ń jẹ ẹ́ púpọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́ fún ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ lílọ̀ ni ẹ rà, ẹ ra díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ ní láti ti imú bọ inú agolo kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀ kò wúlò mọ́.

Fún fúláwà 500 gíráàmù, mo máa ń lo yíìsì 7 gíráàmù, ṣúgà 60 gíráàmù, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan, ẹyin kan, bọ́tà 50 gíráàmù àti mílíìkì olómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ 240 mílílítà. Ẹ kán mílíìkì náà sẹ́yìn ọwọ́ bí a ti ń ṣe fún omi ìkókó. Bí ó bá ta yín, ó ti gbóná jù fún yíìsì. Ẹ pò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ a sì máa torí èyí da fúláwà kún fúláwà títí yóò fi gan. Ẹ ní sùúrù fún un, yóò bọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ bò ó kí ó wú di ìlọ́po méjì. Ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń ta sórí àwọn àpáta ìlú yìí, ìṣẹ́jú márùnlélógójì lè tó. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó lè ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Fúláwà ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe aago.

Ẹ wá fi igò tó mọ́ yí i pẹrẹsẹ títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Èmi kì í fi ọwọ́ ká a róbótó, nítorí wọn kì í dọ́gba, kékeré á sì ti jóná kí ńlá tó jinná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ogún ìṣẹ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: òróró. Ẹ jẹ́ kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nínú agbada, kí ó sì gbóná láàárín 175 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí kò ní ohun èlò tí a fi ń wọn ooru lè ju ègé fúláwà tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ sínú rẹ̀. Bí ó bá rì tó sì dákẹ́ síbẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù. Bí ó bá rì díẹ̀, tó léfòó, tí ìfóòfó sì yí i ká tó ń hó ṣìì, àkókò tó. Omi inú fúláwà ló ń di oru tó ń sáré jáde bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí oru náà bá sì ń fi agbára jáde, òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Òróró tí kò gbóná tó kì í jẹ́ kí oru náà lágbára, ara dónọ́ọ̀tì kì í sì í tètè gbẹ, ni yóò bá máa mu òróró bí kànìnkànìn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ kó ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ooru á lọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tó. Kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin.

Ẹ kó wọn sórí asẹ́ kí òróró ro, kí ẹ sì kà tó ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tó bá yí wọn nínú ṣúgà ní kété tí wọ́n jáde yóò rí i pé oru ara wọn yóò yọ́ ṣúgà náà. Ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi tutù yóò rí i pé kò ní lẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ẹ bá lè fi ìka méjì mú ọ̀kan láìjù ú sílẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń dán díẹ̀, àsìkò gan-an nìyẹn. Mo máa ń po ṣúgà oníhóró 100 gíráàmù mọ́ ṣíbí ìmutíì méjì sínámọ́nì nínú abọ́ onídèérí, màá kó wọn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá sì mì ín jẹ́jẹ́.

Ẹ má fi agbada sílẹ̀ lórí iná lọ dáhùn ẹnu ọ̀nà. Bí òróró bá gbiná, ẹ pa iná ìdáná, kí ẹ sì fi ìdérí irin dé e pa; ẹ má ṣe da omi sí i láéláé.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni ẹ óò gbé e ròde, ẹ má tíì yí i nínú ṣúgà, pàápàá nígbà òjò tí ṣúgà máa ń làágùn. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú ike, nítorí oru tó bá há síbẹ̀ á mú kí ara rẹ̀ rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tún un gbé gbóná díẹ̀, ẹ fi bọ́tà yíyọ́ pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá yí i nínú ṣúgà àti sínámọ́nì.