Àga 5 nínú 25: bí ọ̀rọ̀ ìlera láti ilẹ̀ Okun ṣe ń di òfin ní Lọ́kọ́jà

Aṣòfin 25 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kógí. Nínú wọn, 5 péré ló ń ti ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ náà, lọ: ẹnì kọ̀ọ̀kan láti Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Múrò, àti Yàgbà méjèèjì. Bí a bá ka méjì ti Lọ́kọ́jà àti ọ̀kan ti Kotonkarfe mọ́ ọn, gbogbo ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà kò ju 8 lọ. Bí ilé bá sì pé, 13 ló ń mú ọ̀rọ̀ borí. Ìṣirò yìí ló yẹ kí ẹni tó ń wá òfin ìlera kọ́kọ́ ṣe, kó tó pe oníròyìn.

Òfin ni àwọn tó ń jà fún ìlera ń wá nítorí pé ìlérí kọmíṣánnà máa ń bá kọmíṣánnà lọ. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọdún 2022 ni òfin àpapọ̀ mìíràn sọ adójútòfò ìlera di dandan. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò bí ìyá oníṣu ní Ìsánlú yóò ṣe rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ń sọ ti owó oṣù, dókítà ń sọ ti ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ obìnrin fẹ́ ìgbẹ̀bí ọ̀fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú ìwé kan, aṣòfin kò ní rántí ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n jókòó, bó tilẹ̀ gba oṣù mélòó kan, títí wọn yóò fi fẹnu kò sórí gbólóhùn kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ rẹ̀: kí agbẹ̀bí tó gbàwé ẹ̀rí wà ní ilé ìwòsàn kan, ó kéré tán, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí owó oṣù rẹ̀ sì ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣúná. Kí wọ́n sì sọ fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì wọlé ìgbà tí yóò kàn án, kó má baà fi wọ́n sílẹ̀ láìdágbére.

Okun ní àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n: àwọn ọba bí Ọbaro ní Kàbà, Agbana ní Ìsánlú, Elulu ní Mọ̀pà, àwọn ìjọ, ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹgbẹ́ Okun Development Association. Bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, àga 5 náà ṣì ni. Ọ̀rọ̀ tí Okun nìkan bá gbé wá sì lè dà bí ẹjọ́ ẹ̀yà, ojú ẹ̀yà náà ni wọ́n á fi wò ó. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹgbẹ́ dókítà, awakọ̀ àti ìyá ọlọ́jà, gbogbo wọn ló ní ará ní Òkénè, ní Ìdá, ní Ankpa. Agbẹ̀bí Ígálà tó bá sọ fún aṣòfin ìlú tirẹ̀ pé òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru tí aboyún kú, ohun tó ṣe yẹn, aṣojú mẹ́wàá láti Kàbà kò lè ṣe é. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí fi gbọ́dọ̀ wá láti wọ́ọ̀dù ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpínlẹ̀ náà, ìlà-oòrùn, àárín gbùngbùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan rí orúkọ ìlú rẹ̀ nínú ìwé náà.

Gómìnà lè fi àbádòfin ránṣẹ́ sí ilé, aṣòfin kan sì lè gbé e wá fúnra rẹ̀. Ti gómìnà ló sàn kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, torí owó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ aṣòfin ni, kí ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn má ti ẹkùn kan náà wá. Ní kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbádòfin lásán ni wọ́n ń pè. Ní kíkà kejì ni àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà ló ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlera, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sùn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Kí ẹnì kan máa lọ sí Lọ́kọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ náà bá pe aráàlú, kí ìyá tó pàdánù ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú dókítà.

Bí kíkà kẹta bá parí, abala 100 ìwé òfin ọdún 1999 fún gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé sì tún gbà á wọlé, òfin ni láìsí ìbuwọ́lù. Ní Kógí, 17 nìyẹn. Àga 11 ti ìlà-oòrùn àti 6 ti àárín gbùngbùn jẹ́ 17 gẹ́lẹ́, láìka ti ìwọ̀-oòrùn rárá.

Nígbà tí ìṣúná ọdún tó tẹ̀ lé e bá jáde, àwọn kan náà ni yóò tún jókòó láti wá ìlà owó oṣù agbẹ̀bí nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ní Odò-Ẹ̀rẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá agbẹ̀bí náà ti dé, àti bóyá wọ́n ti san owó oṣù àkọ́kọ́ fún un.