Bí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ṣe ń mọ ìrìn ara rẹ̀ àti bí ọ̀nà ṣe ń yọ̀ tó

Kí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ tó tẹ bíréèkì tàbí kó tó yà fún nǹkan, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ dá a lójú: bó ṣe ń rìn ní àkókò yẹn gan-an, àti bí ilẹ̀ ṣe lè di táyà rẹ̀ mú tó. Kò sí sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ tó ń wọ̀n nǹkan) kan ṣoṣo tó lè sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì tán. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń rí wọn, láti inú ìwọ̀n oríṣiríṣi tí gbogbo wọn ní àléébù. Èkejì ló le jù, nítorí pé táyà kì í mọ ibi tí ìdìmú ilẹ̀ parí sí àfi ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó tán. Ohun tó mú kí ọkọ̀ máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ wúlò tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ohun tí ọkọ̀ iwájú ti fi táyà tirẹ̀ mọ̀, ọkọ̀ ẹ̀yìn lè gbọ́ ọ kó tó débẹ̀.

Ìdìmú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Agbára tó pọ̀ jù lọ tí ilẹ̀ lè fún táyà kó tó yọ̀ ni a ó fi ìwúwo tó tẹ táyà mọ́lẹ̀ pín. Títì ọlọ́dà tó gbẹ máa ń wà láàárín 0.8 sí 1. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó lè bọ́ sí 0.7 tàbí 0.5. Òjò dídì tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń wà ní 0.2 sí 0.3, yìnyín sì lè wà ní nǹkan bí 0.1. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tó wá tẹ bíréèkì dé òpin, yóò lo nǹkan bí mítà 44 kó tó dúró bí ìdìmú bá jẹ́ 0.9. Bó bá jẹ́ 0.5, ó di mítà 79. Bó bá jẹ́ 0.2, mítà 197. Lórí yìnyín 0.1, ó sún mọ́ mítà 400, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ kì í sì í ríran dé ibẹ̀.

Ìrìn ọkọ̀ la ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, òrùka onírin eléyín kan ń yí pẹ̀lú táyà, sẹ́ńsọ̀ sì ń ka eyín rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Bí òrùka bá ní eyín 48, tí yíká táyà sì jẹ́ mítà 2, eyín kan dúró fún nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4. Ìwọ̀n yìí mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n eré táyà ló ń wọ̀n, kì í ṣe eré ọkọ̀. Bí bíréèkì bá le, táyà kò ní í yí tó bí ọkọ̀ ṣe ń lọ; bí agbára ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, táyà á yí ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ tó dín kù nínú táyà àti táyà tó ti jẹ tún ń mú kí yíká rẹ̀ kéré sí i: àṣìṣe ìdá 1 nínú 100 lára rẹ̀ ń di 0.3 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọkọ̀ tó ń sá 30.

Sẹ́ńsọ̀ kejì wà nínú àpótí kékeré kan láàárín ọkọ̀. Ó ń wọ̀n bí eré ṣe ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù, àti bí ọkọ̀ ṣe ń yí, nígbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í dúró de ìsọfúnni láti ìta, ohun tó dára jù lára rẹ̀ nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé àṣìṣe kékeré ń jọ síra. Ká ní ìyípadà eré tí sẹ́ńsọ̀ náà ń wọ̀n fi 0.05 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ju òótọ́ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan péré eré tó bá ṣírò yóò ti ṣìnà pẹ̀lú mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tó sì rò pé ọkọ̀ wà yóò fi mítà 90 jìnnà sí òótọ́. Ó tún máa ń ka òòfà ilẹ̀ mọ́ ìrìn: títì tó fi dígírì 3 tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á mú kí sẹ́ńsọ̀ rò pé ọkọ̀ ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú 0.5, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ń lọ tààrà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò ka gbogbo títì tó dagun sí ewu.

GPS kì í ṣìnà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó ń jọ síra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà 1 sí 10 ló ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tó bá sì sọ lè fi mítà mélòó kan yàtọ̀. Bí ìtọ́sọ́nà bá wá láti ibùdó tó wà lórí ilẹ̀, ó lè dín kù sí sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Lábẹ́ ihò ọ̀nà kò sí rárá, láàárín ilé gíga sì ni ìtànṣán sátẹ́láìtì ti ń fara gbá ògiri kó tó dé.

Ohun tó ń pa gbogbo wọn pọ̀ ni asẹ́ Kalman, ọ̀nà ìṣirò kan tí Rudolf Kalman tẹ̀ jáde ní 1960. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ ní ìgbésẹ̀ méjì tí kì í dáwọ́ dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń sọ ohun tó retí láti inú ìṣirò tó ti ní tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n iyèméjì tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tuntun dé, asẹ́ sì fi ìgbàgbọ́ pín láàárín méjèèjì. Bí ó bá retí 20.0 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú iyèméjì 0.3, tí sẹ́ńsọ̀ táyà sì sọ 20.5 pẹ̀lú iyèméjì 0.6, kò ní í gba agbedeméjì wọn. Ìdá 20 nínú 100 àlàfo náà ló máa gbà: 20.1, iyèméjì rẹ̀ á sì di nǹkan bí 0.27. Bí bíréèkì bá ti le, a máa gbé iyèméjì sẹ́ńsọ̀ táyà sókè kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà wúwo jù. Bí táyà bá sì sọ 16 nígbà tí asẹ́ retí 20, ìwọ̀n náà kọjá ààlà tó bọ́gbọ́n mu, a ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀: táyà ló ń yọ̀. Ewu ibẹ̀ ni asẹ́ tó dá ara rẹ̀ lójú jù. Bó bá ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ léraléra, ó lè jẹ́ òun gan-an ló ti ṣìnà tí kò sì fẹ́ gbọ́ òótọ́ mọ́, nítorí náà kíkọ̀ tó bá pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ gbọ́dọ̀ mú kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù nínú ìrìn ni igun tó wà láàárín ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí àti ibi tí ara rẹ̀ ń lọ gan-an. Bí igun yìí bá tóbi, ọkọ̀ ti fẹ́ dojú kọ ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n wà, àmọ́ owó rẹ̀ ti mú kó jẹ́ ti ọkọ̀ ìdánwò. Àwọn tó kù ń gbára lé ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń kó ìwọ̀n àpótí náà jọ, kò nílò ìmọ̀ táyà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà kò sí ohun tó lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Èkejì ń lo ìṣirò bí táyà ṣe ń tako yíyà. Ó dára gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń kùnà nígbà tí táyà bá sún mọ́ òpin agbára rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń da méjèèjì pọ̀: ìṣirò táyà ní ìrìn pẹ̀lẹ́, àpótí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí nǹkan bá gbóná.

Ní ti ilẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára jù ni yíyọ̀ fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, agbára táyà máa ń pọ̀ títí tí yíyọ̀ fi dé nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100, lẹ́yìn náà ó ń dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí yíyọ̀ kò tíì ju ìdá 1 nínú 100 lọ, bí ọkọ̀ ṣe ń rí lójoojúmọ́, ọ̀nà gbígbẹ àti ọ̀nà tútù jọra débi pé ìṣirò kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ kò lè mọ̀. Ohun tó lè sọ ni ó kéré tán: bí ó bá fi 4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan dín eré rẹ̀ kù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí táyà kò sì yọ̀, ilẹ̀ yìí ní 0.4 ó kéré tán. Bí bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 3, ìdìmú náà wà ní nǹkan bí 0.3, òpin ibẹ̀ sì nìyẹn. Ìyàtọ̀ láàárín "ó kéré tán" àti "òpin rẹ̀ nìyí" ni ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ètò ìṣirò yìí máa fi sọ́kàn jù lọ.

Sítíárìn tún ń ṣèrànwọ́. Agbára tó ń dá táyà padà sí tààrà máa ń dín kù kí táyà tó dé òpin ìdìmú rẹ̀, mọ́tò iná tó ń ran sítíárìn lọ́wọ́ sì lè rí i ṣáájú. Kámẹ́rà lè rí omi àti òjò dídì, ṣùgbọ́n yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ọ̀dà máa ń tan án jẹ. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín nítorí pé wọ́n ń gbé ìtànṣán náà mì lọ́nà tó yàtọ̀.

Báyìí, ìròyìn náà gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ lè fi rédíò 5.9 GHz bá àwọn tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ lọ́nà tí IEEE 802.11p, ìlànà Wi-Fi fún ọkọ̀, là sílẹ̀, tàbí kó gba inú íntánẹ́ẹ̀tì fóònù lọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá rán, tó lè dé nígbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní láti ní ibi tí ọkọ̀ wà, eré, apá tó kọjú sí, àkókò tó mọ́, àti iyèméjì. Iṣẹ́ tó pẹ́ ìdá 1 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá ti fi mítà 3 lọ́ra fún ọkọ̀ tó ń sá 30 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún un síwájú dé àkókò tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí aago ọkọ̀ gbogbo fi gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ti GPS ni wọ́n ń lò. Volvo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìkìlọ̀ ọ̀nà tó ń yọ̀ láàárín ọkọ̀ rẹ̀ ní Sweden àti Norway láti 2016, nípasẹ̀ ojú òpó àárín.

Àgbájọpọ̀ ìròyìn ní ìṣòro mẹ́ta. Táyà ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà 0.3 tí ọkọ̀ kan rí kò ní í jẹ́ 0.3 fún òmíràn gan-an. Ìròyìn ń gbó: òjò dá, iyọ̀ dé, oòrùn yọ, iyèméjì sì gbọ́dọ̀ máa pọ̀ bí ìṣẹ́jú ṣe ń kọjá. Ẹ̀kẹta ló ń tanni jẹ jù: bí ọkọ̀ A bá sọ fún B, tí B sọ fún D, tí D sì tún sọ fún A, A lè rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló ní, bẹ́ẹ̀ ohùn tirẹ̀ ló gbọ́ padà. Ìṣirò tí àwọn olùṣèwádìí Julier àti Uhlmann gbé jáde ní 1997 ń pa ìròyìn pọ̀ láìgbà pé wọn kò gbára lé ara wọn, ó sì máa ń fi iyèméjì tó pọ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tí ìròyìn ti wá, kí a gba iyèméjì tó pọ̀ náà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí oní-kọ̀ǹpútà, nítorí pé ìkìlọ̀ irọ́ kan lè mú gbogbo ọkọ̀ dúró lójú títì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ń lo ìsàlẹ̀ ìwọ̀n náà. Bí ìròyìn bá sọ 0.3 pẹ̀lú iyèméjì 0.1, ètò ìwakọ̀ á fi 0.2 ṣe ìṣirò: bó bá lè ríran mítà 100 níwájú, kò yẹ kó sá ju kìlómítà 71 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ 0.3 ìbá ti gbà á láyè dé 87. Ìgbà tí táyà tirẹ̀ bá wá rí ẹ̀rí tó dára ju ìyẹn lọ, ó lè tún eré gbà padà díẹ̀díẹ̀.