Àṣẹ́kù ni, kì í ṣe ìpamọ́

Mo tún ti rí "ìkùnà iṣan" nínú ìtumọ̀ kan lórí irin gbígbé. Ẹnì kan ṣí ìwé atúmọ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí àwọn agbérin ń lò nígbà tí irin kò bá gòkè mọ́ náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkùnà! Ẹni tó gbé irin lẹ́ẹ̀mọ́kànlá tí ìkejìlá kọ̀ tí kò gbéra, kí ló kùnà? Agbára rẹ̀ tán ni. "Agbára tán", ọmọdé gbọ́ ọ, kò sì ní ìtìjú nínú. Bóyá ọpọlọ ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni o, bóyá iṣan ni, ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa jà á. Irin kò gòkè, ó parí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìjà mi gan-an. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là ni iye ìgbà tí èèyàn ìbá ṣì lè gbé irin nígbà tó gbé e kalẹ̀. Òun ni mo ń pè ní àṣẹ́kù. Ká ní ẹ gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìgbé léraléra láìsinmi, ẹ sì mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ lè gbé e kí agbára tó tán, àṣẹ́kù yín jẹ́ méjì.

Àwọn kan ní "ìpamọ́", torí "reserve" ni Òyìnbó ń pè é. Ohun tí a bá pa mọ́, ibi tí a fi í sí la ó ti bá a. Agbára kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sùn dáadáa kò ní bá méjì níbi tó fi méjì sí. "Rísáàfù" ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún táǹkì alùpùpù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a ti jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ ní "àjẹkù" ló yẹ, ó sì fi òwe tì í lẹ́yìn: àjẹkù là ń mayo. Òwe náà dùn, mo gbà, ó tiẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Ṣùgbọ́n àjẹkù, ẹnu ti kàn án. Àṣẹ́kù, ọwọ́ kò tíì kàn án. Inú ìṣirò la sì ti mọ̀ ọ́n: yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́wàá, méjì ni àṣẹ́kù. Kódà nínú jíìmù, ẹni tó dúró ti ẹnìkejì rẹ̀ nídìí irin á béèrè pé, "Ó ku mélòó?" Ẹnu àwọn tó ń ṣe é ti ń sọ ọ́ kí àwa olùtumọ̀ tó dé.

Òṣùwọ̀n wà fún un. Gunnar Borg, ará Sweden, ló kọ́kọ́ ní kí èèyàn fi 6 sí 20 wọn bí iṣẹ́ ṣe le lára rẹ̀. Àwọn agbérin gé e sí 10, olùwádìí Michael Zourdos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ ti àṣẹ́kù jáde ní 2016: 10 ni kò sí àṣẹ́kù, 9 ni ó ku ẹyọ kan, 8 ni ó ku méjì. Ìyọkúrò lásán. Ẹni tó bá ti mọ àṣẹ́kù rẹ̀ lè gbàgbé òṣùwọ̀n náà.

Báwo ni àṣẹ́kù wá ṣe ń sọ ìgbà tó yẹ ká kúrò nídìí irin? Ẹ wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Korobá àkọ́kọ́ kún, ìkejì kún, nígbà tó yá korobá ń ha ilẹ̀, ìlàjì ló ń gbé bọ̀. Á dúró kí omi sun. Ìdúró yẹn ni ìsinmi ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta láàrin sẹ́ẹ̀tì. Omi sun, ó tún ju korobá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá dúró títí, tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni korobá àkọ́kọ́ gbé wá, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ìyára irin la fi ń mọ ẹrẹ̀ ọ̀hún. Ẹ nà gbalaja lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ń ti irin sókè tagbáratagbára, ó kúrò láyà, ó dé ìdajì ọ̀nà, ó wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń gòkè, ìgúnpá òsì yà síta, ó ń gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ìparí sẹ́ẹ̀tì ni, kò burú, ó ku ẹyọ kan tàbí kó má ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìgbé àkọ́kọ́ nínú sẹ́ẹ̀tì tuntun bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi gidi, irin kan náà, ìwọ̀n kan náà, ẹ dìde. Àwọn olùwádìí a máa so ẹ̀rọ mọ́ irin láti wọn ìyára. Àwọn mìíràn á dá sẹ́ẹ̀tì dúró bí ìyára bá ti fi 20 nínú 100 dín sí ti ìgbé àkọ́kọ́. Ojú lásán náà tó.

Òógùn kì í ṣe àmì. Ìrora ara tí àwọn kan ń dúró dè, wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn náà ló máa ń le jù. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ti òní fún yín? Ti oríkèé tó ta èèyàn wọnú eegun lójijì yàtọ̀: ẹ gbé irin kalẹ̀, ẹ má ka nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì máa ń ṣì í kà, á ní ó ku méjì nígbà tó ku márùn-ún. Kó máa lọ títí agbára á fi tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀rọ, tàbí kí ẹnì kan dúró tì í, kó lè mọ bó ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ tí mo dúró ti ọ̀rẹ́ mi alájẹkù, ìgbé keje ti ń falẹ̀. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, "Àjẹkù mélòó?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n, eyín rẹ̀ wà ní pípa pọ̀. Ó ní, "Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan."