Ta ló rí i nígbà tí wọ́n da mọ́fíìnì yẹn nù?

Ní wọ́ọ̀dù ọsibítù, wọn kì í kó mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára tó sì lè di bárakú, àtàwọn oògùn líle bíi tiẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn oògùn yòókù. Kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn wà lọ́tọ̀ tí wọ́n máa ń tì pa, nọ́ọ̀sì tó ń darí ṣíìfù ló sábà ń mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ìwé kan sì wà tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀ sí: ọjọ́, aago, orúkọ aláìsàn, iye tí wọ́n fà, iye tó ṣẹ́kù. Tí ṣíìfù bá fẹ́ yí, ẹni tó ń lọ àtẹni tó ń bọ̀ á jọ kà á, tí ẹyọ kan ò bá pé, wàhálà dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyókù inú ìgò ni kẹ́ ẹ máa wò o. Ká ní ìgò mọ́fíìnì kan jẹ́ 10 mg, tí wọ́n ní kí wọ́n fún aláìsàn ní 4 mg, 6 mg ló kù yẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀ de ẹlòmíì, ńṣe ni wọ́n máa dà á nù, kí ẹnì kejì dúró tì í kó fojú ara ẹ̀ rí i, káwọn méjèèjì wá sáìn. Lórí ìwé, ó dáa gan-an. Àmọ́ tó bá di aago mẹ́ta òru, tí wọ́ọ̀dù kún, tí nọ́ọ̀sì ò tó, dókítà kékeré kan á kàn yọjú, "Ẹ bá mi sáìn ín jàre, mo ti dà á nù." Nọ́ọ̀sì ò sì rí nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ló ń jí oògùn o, ọ̀pọ̀ ń kánjú ni. Èyí tó ń jí i nínú wọn, ó lè jẹ́ pé látilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni nǹkan ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mọ́fíìnì sì kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kó má baà sùn ni. Caffeine, ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun, ló máa kọ́kọ́ jẹ́, ìlàjì ẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ara lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ẹni tó mu kọfí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣì ń gbé ìlàjì ẹ̀ kiri ní aago mọ́kànlá. Ìdánwò á sún mọ́lé, ọ̀rẹ́ á fún un ní methylphenidate, oògùn míì tó ń lé oorun, tí dókítà kọ fún ọ̀rẹ́ náà fúnra ẹ̀, oorun á wá kọ̀ pátápátá, á wá ọtí tàbí diazepam tó máa fi sùn, nígbà tó bá yá ara á ti mọ́ ọn, ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́ àfi méjì. Tó bá sì ti pẹ́ lórí diazepam tàbí ọtí púpọ̀, tó wá já a sílẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e.

Ṣebí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹ̀ ní kíláàsì? Wọ́n ń kọ́ ọ, kò sì dí wọn lọ́wọ́. William Halsted, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ́sídẹ́ńsì, níbi táwọn dókítà ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń dán kòkéènì wò lára ara wọn ní bíi 1884 láti mọ bó ṣe ń pa ìrora, kòkéènì di bárakú fún un, mọ́fíìnì tún bá a wọlé níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó wá ku nọ́ọ̀sì tó mú bírò dání. Wọ́n á ní kó nígboyà. Ní 1977, Rosabeth Moss Kanter, onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ló ń pinnu bí èèyàn ṣe ń hùwà níbẹ̀: ṣé ó ń gbọ́ ohun tó ń lọ, ṣé irinṣẹ́ àti àkókò wà, ṣé wọ́n ń tì í lẹ́yìn, ṣé àyè wà fún un láti ga sí i. Heather Laschinger ní Kánádà ló wá gbé e wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ fi wo nọ́ọ̀sì òru yẹn. Tí kò bá sẹ́ni tó lè bá a wo aláìsàn fún ìṣẹ́jú méjì, kò lè lọ dúró ti ẹni tó ń da oògùn nù. Tó bá kọ̀ láti sáìn, tí ọ̀gá ẹ̀ wá bínú sí i láàárọ̀ pé ó rí dókítà fín, á sáìn ti ọjọ́ kejì, ta ló fẹ́ wàhálà? Tó bá fẹjọ́ sùn tí kò gbọ́ àbọ̀, ìyẹn náà ti parí. Ẹ kó wọn lọ sí sẹ́mínà ọ̀rọ̀ ìgboyà nígbà ọgọ́rùn-ún, tí ìwọ̀nyí ò bá yí padà, òfo ni.

Níbi tí nọ́ọ̀sì bá ti lè sọ pé "mi ò rí i, mi ò sáìn," ìwé yẹn á máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ò já mọ́ nǹkan kan, àfi tí orúkọ kan náà bá ń jáde ṣáá, tí ìyókù ẹ̀ ń pọ̀ ju tàwọn yòókù, tí aláìsàn ṣì ń ké ìrora nígbà tí ìwé ní wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́.

Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, kì í ṣe lílé dànù nìkan ló wà. Ní Amẹ́ríkà ètò wà fáwọn dókítà, wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á wá máa yẹ ìtọ̀ wọn wò láìsọ tẹ́lẹ̀, ó sábà ń tó ọdún 5, púpọ̀ nínú wọn ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ló le jù, torí láwọn iléèwé kan, ẹni tó yẹ kó lọ jẹ́wọ́ fún náà ló máa máàkì ìdánwò ẹ̀, kò sì ní lọ.